Tírílíọ̀nù 348 náírà: àpò ta ni owó ètò ìdàgbàsókè ti ń jáde?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Muhammadu Buhari tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà ṣí ìwé ètò ìdàgbàsókè Nàìjíríà fún ọdún 2021 sí 2025 fáráyé rí. Iye owó tó wà nínú rẹ̀ ni tírílíọ̀nù 348.1 náírà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìwé náà yóò rí i bí wọ́n ṣe pín in: nǹkan bíi tírílíọ̀nù 49.7 péré ni ìjọba fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú wá, tírílíọ̀nù 29.6 láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, 20.1 láti ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀. Tírílíọ̀nù 298.3 tó kù, ìyẹn nǹkan bí ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni ni wọ́n ń wojú wọn fún un.

Ètò kì í sì í ṣe àdéhùn. Kò sí òfin tó lè fi tipátipá mú oníṣòwò kan pé kó wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ torí pé ìjọba ti ka owó rẹ̀ mọ́ ti ìlú. Oníṣòwò á wo iná mànàmáná, á wo ọ̀nà, á wo iye tí báńkì máa gbà lọ́wọ́ òun, kó tó mọ̀ bóyá kó tọwọ́ bọ àpò. Nítorí náà, apá tó pọ̀ jù nínú tírílíọ̀nù 348 yẹn, ìrètí ni. Owó kò sí níbẹ̀.

Ètò yẹn ti dé òpin ní 2025, ìjọba Bola Tinubu sì ti ń to òmíràn tí yóò gba 2026 sí 2030. Iye ńlá tuntun máa tó gba orí rédíò. Kó tó dé, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí owó irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń wá ní ti gidi, àti ohun tí oríṣi owó kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ wa, nítorí kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú wọn.

Nígbà tí kòkó ń sanwó

Nílẹ̀ Yorùbá, àpò tí ìjọba kọ́kọ́ fi ṣe ìdàgbàsókè tó hàn sójú ni àpò àgbẹ̀. Ìjọba amúnisìn dá àjọ tó ń ra kòkó sílẹ̀ ní 1947, nígbà tó sì di 1954, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Marketing Board ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Àgbẹ̀ kò lè fúnra rẹ̀ ta kòkó sókè òkun. Board ló ń dá iye lé e, iye náà kì í sì í tó ohun tí wọ́n ń tà á ní London. Èyí tó ṣẹ́kù sáàárín, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ọjà bá já wálẹ̀, kí ọwọ́ àgbẹ̀ má bàa ṣófo. Bí owó náà ṣe ń ga ni ojú ìjọba ń wọ̀ ọ́. Láti inú rẹ̀ ni Western Region ti ń rí owó fún ilé iṣẹ́, ọ̀nà àti ilé ìwé. Cocoa House alájà 26 tí wọ́n ṣí ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ní 1965, orúkọ rẹ̀ ti sọ ẹni tó sanwó rẹ̀.

A máa ń fi ìgbà yẹn yangàn pé wọ́n kọ́lé, wọ́n la ọ̀nà, wọn ò jẹ gbèsè òyìnbó. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ohun tí a kì í sọ ni pé owó orí lohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ yẹn, bí wọn ò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó bi àgbẹ̀ léèrè. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Coker sì ṣèwádìí ní 1962, ó hàn pé lára owó náà ti gba ẹ̀bùrú lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ìdáhùn àgbẹ̀ dé ní 1968. Owó kòkó kò fi bẹ́ẹ̀ pé mọ́, àwọn agbowó orí sì ń já wọ abúlé bí ẹni ń kó ẹrú. Bí Àgbẹ́kọ̀yà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń ké kò ju gbólóhùn kan lọ: òkè mẹ́fà làwọn máa san. Òkè kan jẹ́ ṣílè márùn-ún, nítorí náà ọgbọ̀n ṣílè ni wọ́n ń wí. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn kí ìjọba tó dín owó orí náà kù sí pọ́ùn méjì. Ẹni tó bá ń kọ ìwé ètò ìdàgbàsókè lónìí, bó bá dé abala owó orí, kó rántí òkè mẹ́fà.

Ní ti ètò àpapọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, iye rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 676 pọ́ùn. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń retí láti òkèèrè, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn àti owó yíyá. Èyí tó dé kéré jọjọ sí ohun tí wọ́n ń retí. Àwọn tó yáni lówó náà kò yáni fún ètò lápapọ̀, iṣẹ́ tó wù wọ́n ni wọ́n ń mú. World Bank mú ìsédò Kainji, ó fi mílíọ̀nù 82 dọ́là sí i ní 1964. Ohun tí kò wu ayánilówó, ó wà nínú ìwé.

Epo dé

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, epo rọ̀bì gba ipò kòkó. Ètò kẹta, ti 1975 sí 1980, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bílíọ̀nù 30 náírà, ó ju ti 1962 lọ fíìfíì. Wọ́n tún wá fi kún un. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbàgbọ́ pé owó kọ́ ni ìṣòro Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí ọjà epo mì díẹ̀, ní 1978 ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ lọ yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn báńkì òkèèrè. Jumbo loan làwọn ìwé ìròyìn pè é. Ètò kẹrin, ti 1981 sí 1985, ni iye tirẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 82 náírà, ṣùgbọ́n epo ti já wálẹ̀ kí wọ́n tó dé àárín rẹ̀. Ní 1986, SAP, ìyẹn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé. Àwọn tó dàgbà nígbà náà kò nílò àlàyé mi.

Gbèsè àsìkò yẹn ń gun orí ara rẹ̀ títí di 2005, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ayánilówó tó ń jẹ́ Paris Club gbà láti fagi lé bílíọ̀nù 18 dọ́là, lẹ́yìn tí Nàìjíríà gbà láti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12 lówó. Ngozi Okonjo-Iweala ni mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà. Ó yẹ ká ti kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. A kọ́ díẹ̀.

Ìṣúná ọdọọdún ni àpò, ìwé ètò kọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tí wọ́n bá ti kéde ètò ọdún márùn-ún, owó kan ti wà níbì kan tí wọ́n ń bù lára rẹ̀. Kò sí irú àpò bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá owó, inú ìṣúná ọdún náà ló sì ń gbà wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò kan ń rìn, ẹ má wo ìwé ètò, ẹ wo ìlà iṣẹ́ àkànṣe nínú ìṣúná, kí ẹ sì wo iye tí wọ́n tú sílẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú ti 2025. Tírílíọ̀nù 54.99 náírà ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ àkànṣe gba tírílíọ̀nù 23.96, sísan gbèsè gba 14.32, owó oṣù àti ìnáwó ojoojúmọ́ gba bíi 13.06. Ìyókù jẹ́ ti àwọn tí òfin ní kí owó tiwọn máa lọ tààrà, bí ilé ẹjọ́ àti àwọn aṣòfin. Owó tí ìjọba ń retí kò sì tó o. Tírílíọ̀nù 13.08 ni wọ́n ní àwọn máa wá níbòmíràn, yíyá sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: owó tí wọ́n fẹ́ yá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí wọ́n fẹ́ fi san gbèsè tó ti wà nílẹ̀.

Iṣẹ́ àkànṣe ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà bí owó bá fà sẹ́yìn. Olùkọ́ tí kò gba owó oṣù á daṣẹ́ sílẹ̀, ayánilówó tí kò gba èlé á pariwo dé ọjà àgbáyé, ṣùgbọ́n afárá tí wọn ò kọ́ kò lẹ́nu. Iṣẹ́ àkànṣe inú ìṣúná 2024 kò parí lọ́dún náà. Wọ́n sún òpin rẹ̀ sí oṣù Kẹfà 2025, wọ́n tún sún un sí oṣù Kejìlá. Ìṣúná méjì ń rìn pa pọ̀, àwọn agbaṣẹ́ṣe sì ń tò síta pé owó àwọn dà.

Ọ̀nà tó mọ́ jù láti tún èyí ṣe ni owó orí. Òfin owó orí mẹ́rin tí Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju 800,000 náírà lọ kò ní san owó orí lórí rẹ̀. VAT, owó orí tó wà lórí ọjà, dúró sórí 7.5% tó wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ yí padà: ìjọba àpapọ̀ 10%, àwọn ìpínlẹ̀ 55%, ìjọba ìbílẹ̀ 35%. Àwọn iléeṣẹ́ tí kì í ṣe kékeré á máa san owó ìdàgbàsókè 4% lórí èrè, èyí tó rọ́pò oríṣiríṣi owó tí wọ́n ti ń san tẹ́lẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọlọ́pàá àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé ó bojú wo tálákà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìpín ìjọba àpapọ̀ nínú VAT dín kù nígbà tí àwọn ọ̀nà ńláńlá àti ojú irin ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ni yóò ní owó lọ́wọ́ jù báyìí, àwọn ló sì yẹ ká máa bi ní ìbéèrè.

Ìwọ gan-an lò ń yá ìjọba lówó

Bí owó orí àti epo kò bá tó, ìjọba á ta bọ́ǹdì. Ìwé ni: ìjọba gba owó lọ́wọ́ rẹ lónìí, á máa san èlé fún ọ, á dá ojú owó padà ní ọjọ́ tí ẹ dá. Láti 2017, ẹni tó ní 5,000 náírà lè ra bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, kó máa gba èlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ẹ wo olùkọ́ kan n'Ìbàdàn. Lóṣooṣù, òfin owó ìfẹ̀yìntì ní kí wọ́n yọ 8% nínú owó oṣù rẹ̀, kí ẹni tó gbà á síṣẹ́ fi 10% kún un. Owó náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó o. Lápapọ̀, irú owó bẹ́ẹ̀ ti kọjá tírílíọ̀nù 20 náírà, ó sì ju ìdajì rẹ̀ lọ tó wà nínú bọ́ǹdì àti àwọn ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀. Olùkọ́ yìí kò mọ̀ pé ayánilówó ìjọba lòun. Bí ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́ bá bàjẹ́, owó ìsinmi rẹ̀ lè wà lára ohun tí wọ́n ní àwọn máa fi tún un ṣe.

Bọ́ǹdì jọ ìwọ̀fà àtijọ́ ju bí a ṣe rò lọ. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ náà sì ni èlé. Bó ti wù kó ṣiṣẹ́ tó, ojú owó kò dín kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ wá ló tó bọ́. Ìjọba náà ń san èlé lọ́dọọdún, bí ọjọ́ bá sì pé, bọ́ǹdì tuntun ló máa ń tà láti fi san ti àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí ìlà sísan gbèsè kì í fi wálẹ̀, bí a tilẹ̀ ń san án.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ̀ ọ́n lára. Ní 2013, òun ló kọ́kọ́ ta sukuk ní Nàìjíríà, bílíọ̀nù 10 náírà, 14.75%, láti fi kọ́ ilé ìwé. Sukuk kì í san èlé lórúkọ nítorí ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò fàyè gbà á. Ẹni tó ra á dà bí ẹni tó ní ìpín nínú ilé náà, tí ìjọba ń san owó ìlò fún. Ilé ìwé náà dìde, ẹ lè lọ wò wọ́n. Ṣùgbọ́n irú gbèsè báyìí, orísun ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kí owó tó ń bọ̀ láti Abuja tó dé Òṣogbo. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ lẹ́yìn 2014, ohun tó ṣẹ́kù kò tó owó oṣù mọ́. Láti 2015 sí 2018, àwọn òṣìṣẹ́ onípò gíga ń gba ìdajì. Ilé ìwé náà dára, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé olùkọ́ inú rẹ̀ ló sanwó rẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ tẹ̀lé e ní 2017: bílíọ̀nù 100 náírà, ọdún méje, 16.47%, fún ọ̀nà 25. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára wọn. Ọdún méje náà pé ní 2024. Ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ mọ̀ pé gbèsè lè pé kí ọ̀nà má tíì parí.

Wàhálà mìíràn tún wà nínú bọ́ǹdì tí àwọn ìwé ètò kì í sọ. Ní oṣù Kọkànlá 2024, báńkì àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ dé 27.5%. Báńkì tó lè yá ìjọba lówó kó sì sùn dáadáa, kí ló fẹ́ máa wá lọ́dọ̀ aṣebàtà ní Àbá? Bó bá tilẹ̀ yá a, owó sọ́gùndogójì ló máa jẹ́. Nínú ìwé, ìjọba ń retí tírílíọ̀nù 298 láti ọwọ́ oníléeṣẹ́. Ní báńkì, òun náà ló ń bá oníléeṣẹ́ yẹn du owó kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀.

Dọ́là, àti ojú irin Ìbàdàn

Owó òkèèrè máa ń dùn mọ́ ìjọba torí pé èlé rẹ̀ kéré. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ni ẹ̀rí tó dára jù. Exim Bank ti Ṣáínà yá Nàìjíríà ní bílíọ̀nù 1.267 dọ́là ní oṣù Kẹjọ 2017: èlé 2.5%, ogún ọdún, ọdún méje àkọ́kọ́ kò ní sísan ojú owó. Iléeṣẹ́ CCECC ló ṣe é, kìlómítà 157, Buhari sì ṣí i ní oṣù Kẹfà 2021. Reluwé ń gbéra ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ó ń gba Abẹ́òkúta kọjá, ó ń já sí Mọníyà. Ẹni tó bá ti jókòó sínú rẹ̀ rí, tó ń wo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú títì láti ojú fèrèsé, kò ní sọ pé owó náà ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ wà nínú náírà. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà, dọ́là kan jẹ́ bíi 305 náírà ní iye ti ìjọba, gbogbo gbèsè náà kò sì tó bílíọ̀nù 390 náírà. Ní oṣù Kẹfà 2023, wọ́n jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀. Ní 2025, dọ́là kan ti wà ní nǹkan bí 1,500. Gbèsè kan náà ti di bíi tírílíọ̀nù 1.9, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún yá kọ́bọ̀ lé e. Náírà ni èrò ọkọ̀ fi ń sanwó ní Mọníyà, dọ́là ni Ṣáínà ń gbà. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, ọdún méje ìsinmi náà sì ti pé ní 2024.

Eurobond, bọ́ǹdì tí ìjọba ń tà lọ́jà àgbáyé, kò rọrùn bẹ́ẹ̀ rárá. Bílíọ̀nù 2.2 dọ́là tí Nàìjíríà gbà lọ́jà àgbáyé ní oṣù Kejìlá 2024, èlé rẹ̀ jẹ́ 9.625% fún apá kan, 10.375% fún èkejì. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Amẹ́ríkà náà ti yá ilé lówó rí: mílíọ̀nù 300 dọ́là ní 2017, 5.625%, wọ́n sì san án padà ní 2022. Mi ò mọ ìdí tí irú rẹ̀ kò fi pọ̀ sí i, nígbà tó jẹ́ pé àwọn wọ̀nyí ń fi owó ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún láìgba èlé kankan.

Ẹ yà díẹ̀ sí Orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará wa wà ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́. Ní oṣù Keje 2021, ìjọba Patrice Talon ta bọ́ǹdì mílíọ̀nù 500 yúrò fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè bí omi, ilé ìwé àti ìlera, 4.95%. Ọjà owó rọ̀ ju ti 2024 lọ nígbà náà, ká má fi wé ara wọn tààrà. Ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ ni pé owó CFA wọn so mọ́ yúrò. Gbèsè tí wọ́n jẹ ní yúrò kò lè di ìlọ́po márùn-ún mọ́ wọn lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan, àfi bí okùn yẹn bá já. Àwọn tó ń bú CFA ní ìdí tiwọn, ṣùgbọ́n àǹfààní yìí wà níbẹ̀. Ìjọba Talon náà sì fẹ́ràn àpò aládàáni: nínú ètò rẹ̀ ti 2016, tí iye rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 9,039 CFA, ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ sórúkọ oníléeṣẹ́.

«Àwọn oníléeṣẹ́ á mú un wá»

Wọ́n máa ń mú un wá nígbà míì. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ọ̀nà àti afárá, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Wọ́n ṣí i ní 1978. Nígbà tó bàjẹ́ tán, ìjọba gbé e fún Bi-Courtney ní 2009: bílíọ̀nù 89.5 náírà, kí iléeṣẹ́ náà fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe, kó sì fi ọdún 25 gba owó lẹ́nu ibodè. Ní oṣù Kọkànlá 2012, ìjọba fagi lé àdéhùn náà, ọ̀nà ṣì wà bó ṣe wà. Ọdún mẹ́ta ti lọ.

Wọ́n gbé e fún Julius Berger àti RCC ní 2013 lórí owó ìjọba. Owó ìjọba tún ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ìgbà tí wọ́n gbé e sínú àpò pàtàkì tí NSIA, àjọ tó ń fi owó ìpamọ́ ìjọba dókòòwò, ń bójú tó ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní 2020, apá kan nínú mílíọ̀nù 311 dọ́là tí wọ́n gbà padà lára owó tí Abacha kó pamọ́ tún wọ inú rẹ̀. Owó orí, epo, owó olè: ọ̀nà kìlómítà 127 kan ṣoṣo jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé àpò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó máa ń ṣe é ju àpò tí gbogbo ènìyàn ń tọwọ́ bọ̀ lọ.

Ọ̀nà àrékérekè kan tún wà, tí mo fẹ́ràn díẹ̀, tí mo sì ń fura sí. Ní oṣù Kìíní 2019, ìjọba gbà kí iléeṣẹ́ ńlá máa fi owó ara rẹ̀ ṣe ọ̀nà, kí ìjọba yọ ọ́ nínú owó orí tó yẹ kó san lọ́jọ́ iwájú. Báyìí ni Dangote ṣe ṣe ọ̀nà Àpápá sí Òwòròǹṣòkí sí Ojota, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ní bílíọ̀nù 72.9 náírà. Ọ̀nà náà dúró, kọnkéré sì ni. Ṣùgbọ́n owó orí ọ̀la ni wọ́n ti ná yẹn. Iléeṣẹ́ náà ló sì mú ọ̀nà tó wù ú, kì í ṣe ọ̀nà tí abúlé kan ní Ìgbómìnà ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Owó tí báńkì àpapọ̀ kọ fúnra rẹ̀

Ìyókù ni èyí tó burú jù. Bí wọ́n ṣe kọ abala 38 nínú òfin báńkì àpapọ̀ (CBN) ní 2007, ó gbà kí báńkì náà yá ìjọba lówó díẹ̀ bí owó bá fà sẹ́yìn, kò gbọ́dọ̀ ju 5% owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú lọ, kí ọdún tó parí ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ san án. Ways and Means ni wọ́n ń pè é. Lábẹ́ Buhari, ó gun òkè kọjá tírílíọ̀nù 22. Kò sí ẹni tó yọ owó yẹn nínú àpò rẹ̀. Báńkì kọ ọ́ sínú ìwé ni, owó náà sì jáde sígboro lé ọjà tí kò pọ̀ sí i. Ẹni tó san án ni ẹni tó ń ra gàárì. Òfin tó ní kí ìjọba máa yáwó fún iṣẹ́ àkànṣe àti ìdàgbàsókè ènìyàn nìkan wà nínú ìwé láti 2007 kan náà.

Ní oṣù Karùn-ún 2023, nígbà tí ìjọba Buhari ń palẹ̀ mọ́, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbà kí wọ́n sọ tírílíọ̀nù 22.7 nínú rẹ̀ di gbèsè gidi: ogójì ọdún, èlé 9%, kí ìjọba má san ojú owó fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́ta yẹn pé ní 2026. Ọdún náà ni ètò ìdàgbàsókè tuntun ń bẹ̀rẹ̀, ìṣúná tí wọ́n máa fi bọ́ ọ sì ti ní àlejò yìí lọ́rùn kó tó ra búlọ́ọ̀kù kan. Ọmọ tí wọ́n bí lóṣù tí wọ́n fọwọ́ sí i yóò pé ẹni ogójì ọdún ní 2063, nígbà tó yẹ kí wọ́n san èyí tó kẹ́yìn.